Ẹ Bá Wa Bi Òkun Léèrè Lẹ́ẹ̀kejì Kí Oṣù Kẹjọ Tó Dé

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà, Àjọ Ojú Ọjọ́ Nàìjíríà (NiMet), Àbújá

Ẹ̀dà rẹ̀ sí Kọmíṣánnà fún Ọ̀rọ̀ Àyíká àti Omi, Ìpínlẹ̀ Èkó. Àti sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àwọn Alága ìjọba ìdàgbàsókè tó yí i ká

Ọ̀gá wa,

Tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìkọ̀tún ni mo fi ṣe ibùgbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dúró níwájú bọ́ọ̀dù tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ya afẹ́fẹ́ méjì fún àwọn ọmọ: ọ̀kan ń bọ̀ láti orí òkun, ó ru omi dání, èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀, ó gbẹ bíi pańlá. Mo rò pé mo mọ ọ̀rọ̀ òjò tán, àfi ìgbà tí aládùúgbò mi kan bi mí ní ìbéèrè tó dì mí lẹ́nu.

Búlọ́ọ̀kù ni ọkùnrin yìí ń mọ, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìgándò. Gbogbo ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Alímọ̀ṣọ́ ló mọ̀ pé láti ìparí oṣù Keje wọ inú oṣù Kẹjọ, òjò máa ń sinmi díẹ̀. Ìsinmi yìí ni tọmọdé tàgbà ń pè ní August break. Lọ́dún kan, ó gbára lé e, ó ra sìmẹ́ńtì láwìn, ó háyà ọmọ iṣẹ́, ó sì tẹ́ búlọ́ọ̀kù tútù lọ salalu. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kìíní, ó rọ̀ lóru ọjọ́ kejì, ó tún rọ̀ lóru ọjọ́ kẹta. Búlọ́ọ̀kù padà di yanrìn. Ó wá bá mi níwájú ilé, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ àwọn ọmọ wa pé òjò máa ń sinmi lóṣù Kẹjọ. Ta ló wá jí ìsinmi náà gbé?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá bá yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí kà lórí rẹ̀, mo sì ti mọ ibi tí olè náà fara pamọ́ sí: inú òkun ni.

Ẹ̀yin mọ èyí jù mí lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà gbangba ni lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó ń bá yín kà á. Lóṣù Kẹrin, omi òkun tó wà ní gúúsù wa, láti Èkó títí dé ìlà agbedeméjì ayé, máa ń gbóná tó 28°C sí 29°C. Omi tó gbóná báyẹn ń fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin, ìkùukùu ń kóra jọ sí etí òkun, òjò àkọ́rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà gúúsù lọ́wọ́ ìlà-oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bó ṣe ń gba orí ìlà agbedeméjì ayé kọjá, ó ń ti omi gbígbóná tó wà lókè kúrò, omi tútù ìsàlẹ̀ á sì sọ jáde láti gba ipò rẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, ojú òkun níbẹ̀ ti wálẹ̀ sí bíi 25°C, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Omi tútù bẹ́ẹ̀ tún ń sọ jáde létí òkun Ghana àti Côte d'Ivoire.

Nígbà tí òkun bá ti tutù báyìí, tí ilẹ̀ Sàhẹ́lì lókè lọ́hùn-ún sì ń gbóná janjan, ìyàtọ̀ ooru méjèèjì ló máa ń fa afẹ́fẹ́ òkun wọnú ilẹ̀ lọ. Ìlà òjò á fò kúrò létí òkun ní nǹkan bí ìparí oṣù Kẹfà. Fífò ni àwọn onímọ̀ pè é, torí kì í rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀: láàrín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ti dé apá Kàdúná. Ìgbà tí òjò bá wà nírìnàjò yẹn ni àwa tó wà nílé ń jẹ ìsinmi. Bó bá ń padà bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án, àrọ̀kúrò dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òkun kì í tutù bákan náà lọ́dọọdún. Lọ́dún tí afẹ́fẹ́ náà bá lẹ, omi tútù kò ní rí ọ̀nà sọ jáde dáadáa, ojú òkun á gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ, òjò á sì jókòó sétí òkun bí àlejò tí wọ́n ti sin dé ẹnu ọ̀nà tí kò lọ. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní Atlantic Niño, àbúrò El Niño ti òkun Pàsífíìkì. Ohun tó mú un le ni pé afẹ́fẹ́ tó lẹ ló ń mú òkun gbóná, òkun tó gbóná náà ló sì tún ń mú afẹ́fẹ́ lẹ sí i. Wọ́n dà bí tọkọtaya tó ń jà: ẹni tó bá dé bá wọn kò lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé Jacob Bjerknes ló là á yé ayé ní 1969, nígbà tó ń wádìí òkun Pàsífíìkì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù lásán ni mò ń sọ, kó rántí Ògùnpa. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, nínú oṣù tí a ń pè ní oṣù ìsinmi òjò, ni odò Ògùnpa kún àkúnya n'Íbàdàn, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó sì pa èèyàn tó lé ní igba. Àwa ará Èkó náà kò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú mìíràn, ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 2011, tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo sọ títì di odò. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Báwo la ṣe wá lè mọ ohun tí òkun fẹ́ ṣe kó tó ṣe é? Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń wá a. Ní ọdún 1969 kan náà, Syukuro Manabe àti Kirk Bryan, ní Princeton l'Ámẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti so àwòṣe òkun mọ́ àwòṣe afẹ́fẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ń fún èkejì ní ooru àti omi. Irú iṣẹ́ báyìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Manabe ní 2021. Bí àwòṣe náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti sọ: wọ́n á pín ojú òkun àti ojú ọ̀run sí àpótí-àpótí, kọ̀ǹpútà á ṣírò ooru, ọ̀rinrin, agbára afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ omi fún àpótí kọ̀ọ̀kan, á wo ohun tí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa fún un àti ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á tún ṣe é, á tún ṣe é, títí oṣù mẹ́fà yóò fi kọjá nínú kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ kan tó pé lọ́dọ̀ tiwa.

Òkun ni igi lẹ́yìn ọgbà nínú ìṣirò yìí, torí òkun kì í tètè gbàgbé. Omi òkun tó jìn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta péré lè gbé ooru tó gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ lè gbé. Ìjì àná ti lọ, a kò rí ipa rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ooru tó wọnú òkun lóṣù Kẹrin ṣì lè wà níbẹ̀ lóṣù Keje. Ìrántí òkun yìí ni gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ olóṣù mẹ́ta, olóṣù mẹ́fà, rọ̀ mọ́.

Àwòṣe kọ̀ǹpútà ti dá ẹjọ́ ńlá kan nílẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Nígbà tí ọ̀dá mú Sàhẹ́lì láti nǹkan bí 1970 wọ inú àwọn ọdún 1980, àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi rù: wọ́n ní wọ́n ti gé igi jù, ẹran wọn sì ti jẹ koríko tán. Ní 2003, Alessandra Giannini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwòṣe kan ní ìgbóná ojú òkun gbogbo ayé láti 1930 sí 2000. Wọn kò sọ nǹkan kan fún un nípa màlúù tàbí àáké. Àwòṣe náà fúnra rẹ̀ mú ọ̀dá Sàhẹ́lì jáde. Òkun ló gbé òjò wọn lọ. Àwọn tí ebi ń pa ni wọ́n ń bú.

Ọ̀gá wa, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ẹnu ọ̀nà tiwa yìí wà lára ibi tí àwòṣe wọ̀nyí ti ń kọsẹ̀ jù. Lóòótọ́, lóṣù Keje, apá òkun tó wà lọ́dọ̀ wa máa ń tutù ju apá tó wà lọ́dọ̀ Brazil lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń kígbe pé ọ̀pọ̀ àwòṣe ló ń sọ ọ́ sódì: wọ́n á ní ọ̀dọ̀ wa ló gbóná jù. Wọ́n ti rí díẹ̀ nínú ohun tó fà á. Afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹpútà máa ń lẹ jù láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún; ìkùukùu tó máa ń bo òkun létí Angola kì í pọ̀ tó nínú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni ibi tí omi tútù ti ń sọ jáde tóóró ju àpótí rẹ̀ lọ. Nítorí èyí, wọ́n lè sọ El Niño ti Pàsífíìkì ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ṣùgbọ́n ti òkun tiwa, bó bá ti ju oṣù díẹ̀ lọ, ojú àsọtẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn.

Ẹ tún wo bí àpótí náà ṣe tóbi tó. Bí àpótí kan bá jẹ́ 100 kìlómítà ní ìbú àti ní òró, ó di 10,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó kò ju 3,577 lọ. Àwòṣe tí àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde ní 2017 fún àsọtẹ́lẹ̀ olóṣù pípẹ́ dára gan-an, àpótí rẹ̀ kò ju bíi 36 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, Alímọ̀ṣọ́ tó jẹ́ bíi 185 kìlómítà onígun mẹ́rin, méje rẹ̀ á wọ inú àpótí kan ṣoṣo. Àwa tó ń gbé ibẹ̀, tí ìkànìyàn 2006 ti ka wá ju 1,200,000 lọ, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá wọ dánfó láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìgándò mọ̀ pé oòrùn lè máa ràn níbi tó ti wọ ọkọ̀, kí òjò máa dà yàà níbi tó ti fẹ́ sọ̀.

Mi ò sọ èyí láti fi tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yín. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ń sọ ọjọ́ tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa tán, bó ṣe máa pọ̀ tó, àti bí ìsinmi oṣù Kẹjọ ṣe máa le tó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lóṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì, òkun fúnra rẹ̀ kò tíì pinnu. Afẹ́fẹ́ tó máa mú un tutù kò tíì gbéra. Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ oṣù Kẹjọ lọ́wọ́ òkun lóṣù Kejì dà bí ẹni tó ń béèrè èsì ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyí, òun sì ni olórí rẹ̀: ẹ fún wa ní ìròyìn kejì, láàrín oṣù Kẹfà, lórí ìsinmi oṣù Kẹjọ nìkan. Nígbà náà, òkun ti ń tutù tàbí ó ti kọ̀ láti tutù. Sátẹ́láìtì ti rí i. Ẹ jẹ́ kó kúrú, ẹ jẹ́ kó dé orí rédíò àti sí ẹnu àwọn tó ń fi gbohùngbohùn kéde ọjà n'Íkọ̀tún. Ẹ sọ ọ́ bí ọlọ́jà ṣe ń sọ̀rọ̀. "Òjò máa ju bó ṣe yẹ lọ" kò kún ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ra sìmẹ́ńtì. Ẹ sọ fún un, bí àpẹẹrẹ, pé nínú ọdún mẹ́wàá tí òkun bá rí báyìí, mẹ́fà ni òjò kì í sinmi. Èèyàn wa mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé ká má tìtorí òjò tó ṣú da omi agbè nù. Ẹni tó bá gbọ́ mẹ́fà nínú mẹ́wàá kò ní pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ tì, á kàn ra tapólì kó tó ra sìmẹ́ńtì.

Èkejì, bí ẹ bá ti fẹ́ sọ ti ọdún tuntun, ẹ kọ́kọ́ ka èsì ti ọdún tó kọjá síta, lójú ewé kan, ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun tí a sọ rèé, ohun tó rọ̀ rèé. Níbi tí ó bá ti ṣì, ẹ sọ pé ó ṣì. Èmi tó ti mákì ìwé ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún lè sọ fún yín pé ọmọ tó bá ń mú káàdì èsì rẹ̀ wálé fúnra rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń gbà gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá wọn òjò lọ́dọ̀ wa. Ìwọ̀n pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dára fún ọkọ̀ òfurufú, kò lè sọ ti Ayọ̀bọ̀ àti ti Ìjẹ̀gùn papọ̀. Ìjọba ìdàgbàsókè àti ìbílẹ̀ mẹ́fà ló wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹ fún ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òṣùwọ̀n òjò, kí àwọn ọmọ máa kà á láago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tó wà ní Ọ̀jọ́ nítòsí wa, máa kó o jọ. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni fún àwọn ọmọ náà. Òjò 50 mílímítà lórí òrùlé tó jẹ́ 100 mítà onígun mẹ́rin, 5,000 lítà ni, ìyẹn igba kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Bó bá sì rọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri Alímọ̀ṣọ́, ó ju bílíọ̀nù mẹ́sàn-án lítà lọ, gbogbo rẹ̀ ló ń wá gọ́tà tó máa gbà á. Ọmọ tó bá ti ṣírò èyí rí kò ní ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú gọ́tà mọ́. Ẹ̀yin náà á sì rí ohun tí ẹ máa fi tún àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ṣe, kí ó lè bá ilẹ̀ tí a tẹ̀ mu.

Ẹ̀kẹrin kọjá agbára yín nìkan, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹnu láti bá ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́. Láti 1997 ni Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti ń so àwọn ohun èlò kan tó ń léfòó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní PIRATA. Wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, òjò, àti ìgbóná omi láti ojú òkun títí dé 500 mítà nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ọ̀kan wà níbi tí ìlà agbedeméjì ayé ti pàdé ìlà tó gba Tema ní Ghana kọjá, kò ju bíi 800 kìlómítà sí Èkó lọ. Orúkọ irú orin ni wọ́n sọ wọ́n: èyí tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Soul, Samba wà, Reggae wà. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó ń jẹ́ Fújì. Òkun tó ń rọ òjò sórí wa, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wa wọ̀n ọ́n. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun, NIOMR, ti wà ní Victoria Island láti 1975. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, FUTA, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìmọ̀ ojú ọjọ́ agbègbè yìí dé ipò ọ̀mọ̀wé, lábẹ́ ètò WASCAL. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà wà nílé. Ẹ jẹ́ kí Nàìjíríà ní ohun èlò tirẹ̀ nínú omi, kí àwọn apẹja wa sì mọ ohun tó ń ṣe, kí wọ́n má baà máa tú u.

Kọmíṣánnà wa, ẹ̀yin Alága wa, tiyín kò pọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí omi bá wọlé kí ẹ tó rán àwọn tó ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà. Bí ìròyìn oṣù Kẹfà bá ti sọ pé òkun kọ̀ láti tutù, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí ojú gọ́tà ti là. Bó bá sì sọ pé òjò máa sinmi, ẹ lo ìsinmi náà láti tún ọ̀nà ṣe, kí àrọ̀kúrò má baà bá wa lójú oorun. Àwa ará àdúgbò náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Àgbàrá òjò ò lóhun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ọ̀gá wa, mi ò béèrè pé kí ẹ má ṣì. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ẹ bá wa bi òkun léèrè lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó bá ti ní èsì lẹ́nu, kí ẹ sì sọ èsì náà fún wa bó ṣe rí, pẹ̀lú ibi tí kò ti dájú. Aládùúgbò mi ṣì ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ó ti ní kí n máa gbọ́ rédíò fún òun láti oṣù Kẹfà.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìkọ̀tún, Alímọ̀ṣọ́, Èkó.